Ọ̀wọ́

Bùsúyì fi àpótí gíláàsì sílẹ̀ fún mi,
ó bá tirẹ̀ lọ sí Kàdúná.
Ó ní bí ó bá wù mí kí n fi gbin òdòdó.

Mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ ọmọ Fáṣọ̀rọ̀ ní Alágbàká,
ẹja tí kò gùn tó ìka ọmọ tuntun,
ìlà pupa kan ní ẹ̀gbẹ́ bí ẹni fi bírò fà á.
Ó ní, "Màmá Tíṣà, mẹ́ta kò tó. Irú èyí kì í gbé ní mẹ́ta."
Mo ní ó fẹ́ tajà ni.
Mo gun ọ̀kadà dé Òkè-Àró,
mo di ọ̀rá omi mọ́ àyà bí ẹni gbé ẹyin.

Ọjọ́ mẹ́fà, n ò rí wọn.
Wọ́n wọ ẹ̀yìn òkúta, wọ́n wọ abẹ́ ewé,
àpótí náà dà bí ilé tí ayálégbé ti kó jáde.
Mo ń jókòó tì í nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ife tíì mi,
èmi àti omi, a ń wo ara wa.

Ní ọjọ́ keje mo padà sí Alágbàká.
Mẹ́sàn-án ló bù kún un, n ò ná an.
Owó ni mo kà níjọ́sí, n ò tíì mọ ọ̀wọ́.

Ẹ wá wò ó!
Àwọn tó sá pamọ́ jáde.
Méjìlá yí po, wọ́n yà bí aṣọ tí a gbọ̀n,
ẹ̀gbẹ́ wọn tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó kú lẹ́ẹ̀kan náà.
Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi lu agogo iléèwé n'Ísinkàn:
"Ẹ tò! Akinfọlárìn, kúrò lẹ́yìn Adéṣùyì!"
Wọn ò tò fún mi báyìí rí.
Ta ló lu agogo fún ìwọ̀nyí?

Wọ́n ní ojú oró ní í lékè omi.
Mo gbà.
Ṣùgbọ́n nínú àpótí tí kò gùn ju apá mi lọ,
bó bá ti lékè jù, òkùnkùn ni ìsàlẹ̀ ń jẹ.
Ní Sátidé mo ń já a dànù,
kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ koríko tín-ín-rín tí mo hú létí odò Àlà,
tí mo fi òwú ìránṣọ dè mọ́ òkúta,
tó kú fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó wá jí.
Omi kànga ni mo ń pọn fún wọn.
Mo ń jẹ́ kó sùn nínú garawa, kí ara rẹ̀ balẹ̀.

Ìyá Dúnní wọlé, ó pàtẹ́wọ́:
"Ìgbà wo la máa dín wọn?"
Mo ní gbogbo wọn kò lè dí ihò eyín ẹ.
Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó.
Ìgbà tó máa dìde, ìrẹsì rẹ̀ ti jóná.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, wọ́n mú iná lọ ní gbogbo Àkúrẹ́.
Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́,
ìdákẹ́ náà ló jí mi ní aago méjì òru.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì: wọ́n ti gòkè, wọ́n ń yanu sí ojú omi.
Mo mú ife tíì, mo bu omi, mo dà á láti òkè,
mo bu, mo dà, mo bu, mo dà,
títí mọ́sáláṣí fi pe ìrun.
Mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì Bàbá Bùsúyì wé àpótí náà,
èyí tí n kò fún ẹnikẹ́ni láti ọdún mẹ́rin.

Ilẹ̀ mọ́. Mo kà wọ́n. Mọ́kànlá.
Mo tún kà. Wọn ò dúró kí n kà.
Wọ́n yà, wọ́n pa pọ̀, àyè ọ̀kan yẹn ti dí,
n ò mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Bùsúyì pè. "Màámi, ṣé kò sí o?"
Mo ní iná ò sí, èmi wà.
Mo ní bó bá ń bọ̀, kó yà ní Alágbàká, kó ra ẹja kan.
"Ẹyọ kan ṣoṣo?"
Mo ní kò ní pẹ́ ní ẹyọ kan.
Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun máa rí Jímọ̀ wò.
Omi inú garawa ti sùn tó.
Mo lọ gbé e.